Ìka Kan Lẹ́yìn Aṣọ Dúdú

Kí ó tó dìde dáadáa lórí tìmùtìmù, ó ti na ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Ìka méjì ló fi kan aṣọ dúdú tó wọ̀, lókè ìbàdí, níbi tí ẹ̀yìn ti kó wọnú díẹ̀. Ó fà wọ́n wá sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá eruku wà lórí tábìlì. Ó gbé ìka náà wá síwájú ojú. Ó funfun.

"Ẹ fọwọ́ kàn mí," ló wí.

"Mo fọwọ́ kàn ọ́," ni Kóòṣì dáhùn. "Ìka mẹ́ta."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára."

"Ara rẹ ni ò mọ̀. Ẹfun mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀, ó sì padà lọ tò sẹ́yìn àwọn ọmọdé.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ òkìtì ẹ̀yìn nínú gbọ̀ngàn náà. Kóòṣì á ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abọ́ ẹfun, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan kí èyí tó pọ̀ jù lè gbọ̀n dànù, á wá dúró ti ẹni tó fẹ́ fò. Bí ẹsẹ̀ onítọ̀hún bá ti kúrò nílẹ̀, ọwọ́ á bọ́ sí i lẹ́yìn. Ẹfun kì í jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ lórí òógùn. Ṣùgbọ́n ó tún ní iṣẹ́ kejì, òun ló sì fà á tí gbogbo wọn fi ń wọ aṣọ dúdú. Ibi tí ọwọ́ bá dé, àmì á wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n gbé á rí odidi àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí wọ́n tì díẹ̀ á rí ìka. Ẹni tó bá dá a ta kò ní rí nǹkan kan, á wá máa sáré káàkiri gbọ̀ngàn, á máa kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ayé kí wọ́n lè rí i pé ó mọ́.

"Ẹfun kì í purọ́," ni Kóòṣì máa ń wí.

Obìnrin yìí nìkan ni àgbà láàárín wọn. Ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ogójì ọdún. Onítìmù ni wọ́n ń pè é, nítorí tìmùtìmù ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń rán àga tó ti ya, ó ń pààrọ̀ fóòmù, ó ń fi awọ bo ìjókòó ọkọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òpópónà kejì sí gbọ̀ngàn náà, láàárín ẹni tó ń tún aago ṣe àti ẹni tó ń gé gíláàsì. Tábìlì ńlá kan ló gba ìdajì rẹ̀. Orí tábìlì yìí ni fóòmù ń wà, pẹ̀lú téèpù, àlùmọ́gàjí, ẹfun pẹlẹbẹ tó fi ń fa ìlà, àti abẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ bí èékánná àṣá. Láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́, ó ń tẹ̀ síwájú lórí rẹ̀. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n má wulẹ̀ kan pósí gígùn, èyí tó ká bí edé ni yóò bá òun mu.

Tìmùtìmù kan tó ya ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Kóòṣì. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó wá, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ń fi ọwọ́ rán an. Ìgbà tó gbójú sókè láti fa òwú, ó rí ọmọbìnrin kékeré kan tó sáré wá, tó yí padà, tó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ. Ọmọ náà fò. Kò fọwọ́ kan ilẹ̀, kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó yí bìrí lófuurufú, ó balẹ̀, ó sì ń họ imú bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe.

Abẹ́rẹ́ gún Onítìmù lọ́wọ́. Kò mọ̀, àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kán sórí awọ.

Ó parí iṣẹ́. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Kò lọ. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òkìtì iwájú ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń ta lórí koríko lẹ́yìn ilé ìwé. Òkìtì ẹ̀yìn, àwọn kan wà tó ń ta á. Òun kò sí lára wọn.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, irú ẹni wo lẹ ń kọ́?"

"Ẹni tó bá wá."

"Ọjọ́ orí wo ló ti pọ̀ jù?"

Kóòṣì wò ó láti òkè délẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ ti funfun, èjìká rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn. "Ìwọ náà, fóòmù máa ń lò tó ọdún mélòó kó tó tẹ̀?"

"Ó dá lórí ẹni tó ń jókòó lé e."

"Ó dáa. Wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọmọ rò pé ó tún wá rán nǹkan ni. Ọmọbìnrin tó ta òkìtì lọ́jọ́ sí ló kọ́kọ́ lọ bá a. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ẹ̀ga.

"Màmá, èwo ló ya?"

"Èmi ni."

Ẹ̀ga rò ó wò. "Ó dáa. Ẹ bọ́ bàtà yín."

Oríṣi òkìtì ẹ̀yìn méjì ni wọ́n ń ta níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní ọlọ́wọ́ ló máa ń ṣáájú: ènìyàn á fò sẹ́yìn, ọwọ́ á kanlẹ̀, ẹsẹ̀ á gba orí kọjá, á sì dìde. Onítìmù tètè mọ ìyẹn. Ọwọ́ tó ń fa awọ le lójoojúmọ́, kò lè kọ̀ láti gbé ẹni tó ni ín. Aláìlọ́wọ́ ni wàhálà. Nínú aláìlọ́wọ́, kò sí ohun tí a ó dì mú. Ènìyàn á fò, á ká orúnkún mọ́ àyà, á sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

"O ń fò sẹ́yìn," ni Kóòṣì á wí. "Ta ló ní kó o fò sẹ́yìn? Òkè ni kó o lọ. Ẹ̀yìn á wá bá ọ níbẹ̀."

Ó tún fò.

"Orí rẹ! O tún ti yíjú wo ẹ̀yìn."

"Kóòṣì, ẹ̀yìn yẹn náà kọ́ ni mò ń lọ? Ṣé kí n má wo ibi tí mò ń lọ ni?"

"Má wò ó."

"Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn."

"Ẹni tó pa òwe yẹn ò ta òkìtì rí. Níbí, àgbà tó bá wo ẹ̀yìn ló ń ṣubú."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn ọmọ. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣubú nínú gbọ̀ngàn, wọ́n á pariwo lé e lórí: "Àgbà wo ẹ̀yìn!"

Kòtò kan wà ní igun gbọ̀ngàn tó kún fún ègé fóòmù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi aláìlọ́wọ́ dánra wò. Onítìmù á fò, á yí ìdajì, á rì gbì sínú kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan á kù lókè. Wọ́n á dì í lẹ́sẹ̀ fà jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló gé fóòmù náà fún Kóòṣì.

"Bí mo bá kú síbí," ló wí lọ́jọ́ kan, tó ń tu ègé fóòmù dànù lẹ́nu, "kẹ́ ẹ sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló pa mí."

"Ẹ ò lè kú, Màmá," ni Ẹ̀ga wí. "Ẹ gé e dáadáa jù."

Nígbà tó kúrò nínú kòtò, tó bọ́ sórí tìmùtìmù pẹlẹbẹ, Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dì í mú. Ìgbà náà ni ẹfun bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà sì ni ọ̀rọ̀ dé etí ọkọ rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé, nítorí ó máa ń sọ gbogbo rẹ̀ tán ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà ní ilé ìwé tó jìnnà, ilé sì dákẹ́. Ohun tí Onítìmù sọ fún un ni pé òun ń lọ na ẹ̀yìn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Kò purọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ọkọ ń jẹun lọ́wọ́, ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé ìkòkò. Ọkọ dá oúnjẹ dúró.

"Onítìmù."

"Ọkọ mi."

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ. Ìka rẹ̀ pé márààrún. Àtẹ́lẹwọ́ wà níbẹ̀. Bí mo bá tẹjú mọ́ ọn, mo lè ka ìlà inú rẹ̀."

Onítìmù nà ró. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. "Áà. Ọwọ́ Kóòṣì ni."

"Ta ń jẹ́ Kóòṣì?"

"Ẹni tó ń gbé mi sókè."

Ọkọ rẹ̀ rọra gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ó ń gbé ọ sókè."

"Bó bá sì gbé mi tán, á dà mí dojú dé."

"Níṣojú ta?"

"Níṣojú àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́."

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó wò ó. Ẹ̀rín ti ń já obìnrin náà lẹ́nu, ó ń gbé e mì. Kò ṣàlàyé. Ó ti àga mọ́ ògiri, ó ká rọ́ọ̀gì, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà yàrá, ó sì ta ọlọ́wọ́ kan gbọọrọ láàárín pálọ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ku díẹ̀ kó fọ́ gílóòbù. Ó balẹ̀, ó tún irun rẹ̀ ṣe.

Onígbàjámọ̀ ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tún un ta."

Láti ọjọ́ yẹn, bí Onítìmù bá ti gbọ̀ngàn dé, kì í tètè kí ọkọ rẹ̀. Á kàn kọ ẹ̀yìn sí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Mélòó?"

Ọkọ rẹ̀ á wọ jígí, á tẹ̀ síwájú. "Àtẹ́lẹwọ́ ṣì wà." Tàbí, "Ìdajì àtẹ́lẹwọ́." Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, "Ìka mẹ́rin. Àtàǹpàkò ti bá tirẹ̀ lọ."

Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ fi mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó fún ìgẹrun á kọ́kọ́ béèrè: "Ìka mélòó la wà báyìí?" Awakọ̀ kan wà láàárín wọn tí ọ̀rọ̀ náà ń yà lẹ́nu. "Ìyàwó tèmi ò lè yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì kó má kérora," ló ní. "Tiyín ń yí lófuurufú."

"Ìwọ lò ń jẹ́ kó kérora," ni onígbàjámọ̀ wí. "Gbé orí rẹ dúró."

Ọjọ́ tó di ìka mẹ́ta lọ́jọ́ tí Onítìmù sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n lára. Lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí àwọn ọmọ ti ń wọ bàtà, Kóòṣì pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń fi ọwọ́ òsì pa èjìká ọ̀tún.

"Mo lọ rí dókítà. Ó ní èjìká yìí ti gbé ènìyàn tó. Ó ní kí n má di àgbà mú mọ́, àwọn ọmọdé nìkan."

"Láti ìgbà wo?"

"Òun ní láti àná. Èmi ní láti ìparí oṣù."



"Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó lè dì mí mú?"

"Bíi ta? Ẹ̀ga?"

"Mo lè gbìyànjú ẹ̀," ni Ẹ̀ga wí látibi tó ti ń so okùn bàtà. Etí rẹ̀ gùn bí ẹnu rẹ̀.

Òfin kan wà tí Kóòṣì kì í tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá tíì mọ́ níṣojú òun, kò gbọdọ̀ ta aláìlọ́wọ́ láìsí ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀yìn Onítìmù kò bá mọ́ kí oṣù tó parí, ó parí nìyẹn. Kò sí gbọ̀ngàn mìíràn nítòsí tó ń gba àgbà. Á máa ta ọlọ́wọ́ kiri, á máa wo àwọn ọmọdé.

Ó rìn lọ sílé lọ́jọ́ yẹn láìgbọn ẹfun ẹ̀yìn rẹ̀ dànù.

Oṣù náà gan-an ni iṣẹ́ ńlá wọlé. Ilé ìwé kan ní kó pààrọ̀ fóòmù gbogbo àga inú yàrá àpérò wọn. Fóòmù ga dé àjà ṣọ́ọ̀bù. Ó ń wọn, ó ń fi ẹfun fa ìlà, ó ń gé. Tẹ́lẹ̀, inú gbọ̀ngàn ló ti máa ń pààrọ̀ aṣọ. Ní báyìí kò sí àyè. Láti ilé ló ti ń wọ aṣọ dúdú náà, á so épúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ mọ́ ọn, á ta kókó okùn rẹ̀ sẹ́yìn. Bí àkókò bá tó, á tú u, á gbé e kọ́ ìṣó, á ti ilẹ̀kùn, á sì sáré.

Ìka mẹ́ta di méjì. Méjì di kan.

Kan kò kúrò mọ́.

"Mi ò fọwọ́ kàn ọ́," ni Kóòṣì wí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan.

Onítìmù na ọwọ́ òsì sẹ́yìn, ó gbé ìka wá síwájú. Ẹfun wà níbẹ̀. "Kóòṣì, ẹ má tàn mí jẹ bí ọmọdé."

"Mo ní mi ò fọwọ́ kàn ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹfun kì í purọ́."

Kóòṣì wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó funfun, nítorí kò lè dúró ti ẹnikẹ́ni láìkì í bọ abọ́. Ó wo ẹ̀yìn aṣọ obìnrin náà. Ìka kan, kedere.

"Tún un ta."

Ó tún un ta. Kóòṣì na ọwọ́ sí ìtòsí rẹ̀, kò kàn án, ó dá a lójú pé òun kò kàn án. Onítìmù balẹ̀. Ó yẹ ẹ̀yìn wò. Funfun.

"Màmá, wọn ò fọwọ́ kàn yín o," ni Ẹ̀ga wí. "Mo la ojú sílẹ̀ kedere."

"Ìwọ àti wọn lẹ jọ gbìmọ̀. Ẹ fẹ́ kí inú mi dùn kí oṣù tó parí. Ẹ ṣeun."

Ẹ̀ga fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. 

Kóòṣì fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé èjìká náà ti ń ṣe ohun tí kì í sọ fún òun. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbìyànjú láti di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí obìnrin náà tó fò. Onítìmù gbé apá sókè, ó wo ẹ̀gbẹ́, kò rí ọwọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé apá wálẹ̀, ó tún gbé e sókè. Ẹsẹ̀ kọ̀.

"Ẹ gbé ọwọ́ yín wá, Kóòṣì. Ìka kan péré. Mi ò bẹ̀ yín ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó gbé e wá. Ó fò.

Nílé, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀. "Mélòó?"

"Kan."

"Kan náà?"

"Kan náà."

Ó jókòó lórí àga, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àwọn ọmọ tó ṣe àìgbọràn. Onígbàjámọ̀ bu omi fún un. 

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, onígbàjámọ̀ lọ ra bíléèdì, ó ní kí òun ya ọ̀dọ̀ ìyàwó òun. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀. Onítìmù kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń fa ìlà tó kẹ́yìn sórí fóòmù. Ẹfun ti kéré lọ́wọ́ rẹ̀, ìka ló kù tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Ó wo aago, ó pòṣé. Ó sọ ẹfun sílẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn láti tú okùn épúrọ́ọ̀nù. Kókó ti le. Ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ kókó náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó rọ́ ọ síhìn-ín, ó rọ́ ọ sọ́hùn-ún. Okùn tú. Épúrọ́ọ̀nù bọ́.

Lórí aṣọ dúdú, níbi tí kókó wà tẹ́lẹ̀, níbi tí onígbàjámọ̀ ti ń wọ jígí kà láti ìgbà yìí wá: ìka kan, kedere.

Ó fi bíléèdì tó rà sápò. 

Onítìmù yíjú, ó rí i. "Ẹ káàbọ̀. Kí lẹ wá ṣe?"

"Mò ń kọjá ni."

"Ẹ máa kọjá lọ nígbà náà, mo ti pẹ́." Ó ti ilẹ̀kùn, ó sáré lọ.

Onígbàjámọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Awakọ̀ ló jókòó lórí àga. Ó tan kílípà, ó gbé e sétí ọkùnrin náà, ó rántí. Ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni awakọ̀ wí, ó di etí mú. "Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín."

Ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó dé, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Mélòó?"

Onígbàjámọ̀ wọ jígí. Ó mọ ẹni tó fẹ́. Ohun tí wọ́n bá kàn fi ẹnu sọ fún un, kì í gbà á, àfi bó bá fọwọ́ kàn án.

"Kan," ló ní. Ohùn rẹ̀ kò dúró dáadáa.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tètè ti ṣọ́ọ̀bù. Ó fi nǹkan kan sápò, ó lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn òbí lẹ́bàá ògiri gbọ̀ngàn. Ó ti bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ já ní àtàǹpàkò, ó fi ẹsẹ̀ kejì bò ó.

Onítìmù wọlé tòun ti èémí. Ó rí i. "Ta ló ń gẹrun fún wọn?"

"Irun ò sá lọ ibì kankan."

Àwọn ọmọ ta tiwọn. Ó kan Onítìmù. Ó lọ dúró sẹ́nu ìlà, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo ibi tí yóò lọ. Kóòṣì ki ọwọ́ bọ ẹfun, ó pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni onígbàjámọ̀ dìde, tó ń bọ̀ lórí tìmùtìmù.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," ni Kóòṣì wí. "Àwọn òbí kì í wọ ibí."

"Èmi kì í ṣe òbí ẹ̀."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀. Ó fa búrọ́ọ̀ṣì yọ nínú àpò, èyí tó rọ̀, tó fi ń gbá irun kúrò lọ́rùn oníbàárà. Ó gbá ẹ̀yìn aṣọ náà, láti òkè wá sísàlẹ̀, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń gbá ọrùn. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, fúù. Eruku funfun fò.

"Kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbálẹ̀."

"Kí lẹ ń gbá? Kóòṣì ò tíì fọwọ́ kàn mí lónìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì padà sápò.

"Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ."

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò kó tó jẹun. Ti òsì mọ́. Ní ti ọ̀tún, ìka ìlábẹ̀ funfun dé oríkèé kejì. Onítìmù wò ó. Ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rọra gbé e lọ sẹ́yìn, síbi tí kókó okùn máa ń wà, ó sì dá a dúró kó tó kan aṣọ.

Ẹ̀ga ló kọ́kọ́ pariwo. "Yéè! Màmá! Ọwọ́ yín ni!"

"Èjìká mi ò ṣe nǹkan kan," ni Kóòṣì wí, bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní kóòtù. Ó jókòó sílẹ̀. "Mo sọ. Ṣé mi ò sọ?"

"Láti ìgbà wo?" ni Onítìmù béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.



Ó fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi tó wà ní igun. Ó fọ ọwọ́. Ó fọ ìka kọ̀ọ̀kan, ó fọ abẹ́ èékánná, ó fọ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo wọn ń gbọ́ omi. Ó nu ọwọ́ gbẹ, ó sì padà wá dúró sẹ́nu ìlà.

Onígbàjámọ̀ ti padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti gbàgbé ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

Kóòṣì dìde. Ọwọ́ rẹ̀ tún ti fẹ́ wọnú abọ́ ẹfun, ó dá a dúró, ó nu ún mọ́ ṣòkòtò, ó sì kì í bọ àpò. Onítìmù rí i. Ó gbé apá sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ó gbé apá wálẹ̀.  

"Òkè," ni Kóòṣì wí. Kò fi nǹkan mìíràn kún un.

Ó tún gbé apá sókè. Ó tẹ orúnkún. Ó lọ.

Ó ga. Ó ga ju èyí tó ti ń ta tẹ́lẹ̀ lọ. Apá bá etí lọ, orúnkún bá àyà, àjà gbọ̀ngàn gba ojú rẹ̀ kọjá, iná tó wà níbẹ̀, ògiri, bẹ́ǹṣì lórí, bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀. Bìrí. Ilẹ̀ wá bá a. Ẹsẹ̀ méjèèjì bà, gbì, ti ọ̀tún sún sẹ́yìn díẹ̀, ó sì dúró.

Ariwo sọ. Ẹ̀ga ti ń fò káàkiri bí ẹni pé òun ló ta á. Kóòṣì fi ọwọ́ méjèèjì lé orí.

Onítìmù kò pariwo. Ó na ọwọ́ òsì sẹ́yìn. Ó fi ìka méjì kan aṣọ lókè ìbàdí, ó fà wọ́n sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́. Ó gbé wọn wá síwájú ojú. Ó wò wọ́n pẹ́.

Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà. Ó mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ? Ẹ tún un ta!"

"Àga àwọn ènìyàn wà nílẹ̀," ló wí. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ débi tí ọ̀rọ̀ kò fi já gaara.

Nígbà tó dé iwájú bẹ́ǹṣì, ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà.

"Mélòó?"

Onígbàjámọ̀ ń wá jígí rẹ̀ lápò. Ó wà lójú rẹ̀.

Onítìmù kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ bà á lẹ́yìn, ó gba ẹ̀gbẹ́ òpópónà, ó kọjá níwájú ẹni tó ń gé gíláàsì, ó sì ń lọ.